Corolla tòkunbọ̀ ni mo fẹ́ rà ní Ìjẹ̀bú-Òde: ẹ bá mi dá sí i, báwo ni kí n ṣe ná an?

Tíṣà Ṣàgámù

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ìlíṣàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́ tíṣà, Ṣàgámù ni mo sì ń gbé. Owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ owó oṣù mi tán, ni èmi àti baálé mi bá ní ká kúkú ra ọkọ̀ kékeré kan. Mo rí Corolla tòkunbọ̀ kan ní ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ọkọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde. 2010 ni wọ́n pè é, ó mọ́ tónítóní. ₦8,500,000 ni wọ́n ń tà á. Mo ní ẹlo ni jálẹ̀, ọmọkùnrin tó dá mi lóhùn ní bí mo bá sanwó lónìí, òun á bá mi bẹ ọ̀gá òun kí wọ́n yọ ₦100,000. Ó tún ní ẹnì kan ń bọ̀ láti Àgọ́-Ìwòyè lọ́la tó fẹ́ rà á.

Gbogbo owó tó wà lọ́wọ́ wa kò ju ₦7,800,000 lọ, inú rẹ̀ náà la ti máa ṣe ìwé ọkọ̀. Mi ò ra ọkọ̀ rí. Kí ni kí n sọ fún wọn, kí ni kí n má sọ?

Ọmọ Ìṣarà

Àǹtí, ẹ má fún wọn ní kọ́bọ̀ lónìí. Ẹni tó ń bọ̀ láti Àgọ́-Ìwòyè yẹn, kò sí ibi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ tí kì í ti í bọ̀. Bó bá sì wá lóòótọ́ tó rà á lọ, Corolla kún ìgboro láti Ìbàdàn títí dé Berger l'Ékòó, ẹ ó rí òmíràn.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ₦7,800,000 yẹn létí. Bí wọ́n bá bi yín pé ẹlo lẹ mú wá, ẹ ní ọkọ̀ lẹ fẹ́ rí ná, pé ọ̀rọ̀ owó kò tíì kàn. Ọjọ́ tí wọ́n bá ti mọ iye tó wà lápò yín, iye ọkọ̀ náà nìyẹn.

Mẹkáníìkì Mọ́lípa

Ẹ kú ìmúra, mà. Òótọ́ lọ̀rọ̀ tí Ọmọ Ìṣarà sọ, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ń rí i níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹnu lásán kọ́ ni wọ́n fi ń ná ọkọ̀. Ẹni tó bá dé ọ̀dọ̀ dílà tó ń sọ pé "ẹ ṣàánú mi, ẹ bá mi dín in kù," wọ́n á fún un ní omi tútù, wọ́n á yọ ₦50,000 fún un, ó parí. Ẹni tó bá ní "táyà iwájú méjèèjì ti gbó, iye tí tuntun wà lọ́jà nìyí, ẹ yọ ọ́," ẹni yẹn ni dílà máa bá jókòó. Àléébù tí ẹ bá rí lára ọkọ̀ ni ẹ ó fi sọ owó rẹ̀ kalẹ̀. Bí ẹ kò bá wá a, ẹ kò ní nǹkan kan tí ẹ ó sọ.

Torí náà, bí ẹ bá ti ń jáde nílé, ẹ pè wọ́n pé kí wọ́n má tíì sítáàtì ọkọ̀ náà. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ọwọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé lé bónẹ́ẹ̀tì, kí ẹ tó kí ẹnikẹ́ni pàápàá. Bó bá gbóná, wọ́n ti tàn án sílẹ̀ kí ẹ tó dé. Ẹ́ńjìnnì tó ń ṣòro tàn ní àárọ̀, tàbí tó ń rúfín tàbí tó ń kan gbanran gbanran kó tó gbóná, ẹ kò ní gbọ́ ọ mọ́ bó bá ti gbóná tán. Ẹ ní ẹ ó padà wá, kí ẹ sì lọ lóòótọ́.

Ẹ yọ ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí, kí ẹ yí i wò lábẹ́. Bí ohun funfun bí ògì bá lẹ̀ mọ́ ọn, omi lè ti ń wọnú ọ́ìlì, ẹ má ná ọkọ̀ yẹn rárá, ẹ máa lọ ni. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ bíréèkì, kí ẹ fi jíà sí R tó ń lọ sẹ́yìn, kí ẹ dá a padà sí D tó ń lọ síwájú. Bó bá ń falẹ̀ kó tó mú, tó wá já lu yín gbì, jíà ti ń lọ nìyẹn, owó jíà ọ́tò sì pọ̀.

Ẹ wá ẹni tó ní skáánà, ẹ̀rọ tó ń ka kóòdù àléébù tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kọ sílẹ̀. Gbogbo ọkọ̀ kékeré tí wọ́n tà l'Amẹ́ríkà láti 1996 ló ní ojú ibi tí wọ́n ń kì í bọ̀, lábẹ́ dáṣíbọọ̀dù níwájú awakọ̀. Ọgbọ́n kan tí wọ́n máa ń dá ni pé wọ́n á ti pa kóòdù rẹ́ kí oníbàárà tó dé, iná ẹ́ńjìnnì ò sì ní tàn. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ yìí máa ń yẹ ara rẹ̀ wò fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá pa kóòdù rẹ́ tàbí tí wọ́n yọ orí bátìrì, gbogbo àyẹ̀wò yẹn á padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ó di ìgbà tí wọ́n bá tún wà á dáadáa kó tó parí wọn. Ẹ ní kí oní-skáánà ṣí ibi tí wọ́n kọ readiness sí. Bí ọ̀pọ̀ nínú àyẹ̀wò náà kò bá tíì parí, ẹ bi wọ́n léèrè. Ọkọ̀ tí bátìrì rẹ̀ kú lójú omi lè rí bẹ́ẹ̀ náà, kì í ṣe gbogbo wọn lolè. Ẹ kàn ní kí wọ́n máa wà á fún ọjọ́ díẹ̀, ẹ ó tún padà wá fi skáánà sí i.

Ẹ tún wo ara táyà, ẹ ó rí DOT àti nọ́ńbà mẹ́rin ní ìparí rẹ̀. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Táyà lè dúdú kó máa dán, kó sì ti gbó.

Ìyá Ìbejì Òde-Rẹ́mọ

Ẹ ṣeun, mẹkáníìkì wa. Èyí tí mo fẹ́ fi kún un ni ti nọ́ńbà ṣáásì, nítorí òun ló gbà mí nígbà tí mo ra tèmi. Ó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú lọ́dọ̀ awakọ̀, ó tún wà lára páálí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ etí ilẹ̀kùn. 17 ni gbogbo rẹ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà. Ẹ ka á láti ọwọ́ òsì, èyí tó wà ní ipò kẹwàá ló ń sọ ọdún ọkọ̀ náà fún àwọn ọkọ̀ tó ti Amẹ́ríkà àti Kánádà wá: 8 ni 2008, 9 ni 2009, A ni 2010, B ni 2011. Tíṣà, ọkọ̀ tí wọ́n pè ní 2010 fún yín yẹn, bí ẹ kò bá rí A níbẹ̀, kì í ṣe 2010. Bẹ́ẹ̀ sì ni lẹ́tà I, O àti Q kì í sí nínú nọ́ńbà yìí rárá, ibi tí ẹ bá ti rí wọn, wọ́n ti fọwọ́ kan án.

Ẹ kọ nọ́ńbà yẹn sílẹ̀ kí ẹ sì sanwó díẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti wo ìtàn ọkọ̀ náà. Carfax ni gbogbo èèyàn mọ̀ jù. Ẹ ó rí i bóyá ó ti ní jàǹbá, bóyá ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ti sọ pé kò ṣeé tún ṣe mọ́, àti iye máìlì tó ti rìn nígbà tí wọ́n wò ó kẹ́yìn lọ́hùn-ún. Bí máìlì ara dáṣíbọọ̀dù bá kéré sí ti ìwé yẹn, ẹ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ti ọkọ̀ tí omíyalé ti bò rí ńkọ́? Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde títí dé ìdí. Wọ́n lè fọ ìjókòó, wọ́n lè pààrọ̀ kápẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n àwọn tó ń rántí fọ bẹ́líìtì dé ìdí kò pọ̀. Bí ẹ bá rí ìlà ẹrẹ̀ níbẹ̀, ẹ fún wọn ní kọ́kọ́rọ́ wọn.

Bàbá Fọlágbadé

Ọmọ mi, ẹ kú àfarabalẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ mú àgbàlagbà kan dání, ọkùnrin tó mọ ọ̀rọ̀ í sọ. Bí wọ́n bá rí obìnrin nìkan, wọ́n á fi owó lé e.

Ìyá Ìbejì Òde-Rẹ́mọ

Bàbá, ẹ kú ọgbọ́n, ẹ má bínú sí mi. Ohun tí ojú mi rí ni pé bí ọkùnrin bá ti bá wa lọ, òun ni wọ́n máa kọjú sí, wọ́n á máa pè é ní ọ̀gá, ojú á sì tì í láti sọ pé owó pọ̀. Obìnrin ni kó ná an. Kí mẹkáníìkì wà níbẹ̀, kí baálé rẹ̀ wà níbẹ̀ bó bá fẹ́, kí wọ́n wulẹ̀ máa wo ọkọ̀. Kí ẹyọ ẹnì kan ṣoṣo máa sọ̀rọ̀ owó.

Bàbá Fọlágbadé

Èyí tí ẹ sọ gbẹ̀yìn yẹn, mo gbà á. Ẹnu méjì kò gbọ́dọ̀ ná ọjà kan.

Dílà Tẹ́lẹ̀

Mo ti ta ọkọ̀ pẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde kí n tó yí iṣẹ́ padà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbè lẹ́yìn àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ náà. Iye tí wọ́n ra ọkọ̀ lókè òkun, owó ọkọ̀ ojú omi, owó kọ́sítọ́ọ̀mù, owó ẹni tó bá wọn yọ ọ́ ní èbúté Àpápá tàbí Tin Can, owó awakọ̀ tó wà á wá, owó páńẹ́bítà àti ìfọ̀, owó ilẹ̀ tí wọ́n gbé e sí: gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ₦8,500,000 yẹn. Dọ́là ló sì ń darí èyí tó pọ̀ jù. Láti oṣù kẹfà 2023 tí ìjọba ti ní kí ọjà fúnra rẹ̀ máa sọ iye tí naira jẹ́, owó tó ń ra ọkọ̀ mẹ́ta tẹ́lẹ̀ kò ra méjì mọ́. Nítorí náà ẹni tó bá wá sọ fún dílà pé "₦3,000,000 lẹ̀gbọ́n mi ra tiẹ̀ ní 2019," ó kàn ń mú inú bí i ni.

Ibi tí ọwọ́ dílà ti máa ń rọ̀ ni ti ọkọ̀ tó ti pẹ́ nílẹ̀. Owó rẹ̀ há síbẹ̀, ó sì lè jẹ́ owó èlé ló fi rà á. Báwo lẹ ṣe máa mọ̀? Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù hàn yín, kí ẹ wo déètì rẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa rò pé déètì lẹ ń wò. Ẹ wo abẹ́ ọkọ̀ náà bóyá koríko ti hù yí táyà ká, ẹ wo rọ́bà wáípà bóyá oòrùn ti jẹ ẹ́. Ọkọ̀ tó bá ti lo oṣù mẹ́fà nílẹ̀, ọ̀gá ibẹ̀ fẹ́ kó lọ ju bí ẹ ṣe fẹ́ kó wá lọ.

Èkejì, ọmọ tó dá yín lóhùn kọ́ ló ń yọ owó. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó wà níbẹ̀ kì í tilẹ̀ í ṣe ti ọ̀gá rẹ̀, ẹlòmíràn ló gbé e síbẹ̀ kí wọ́n bá òun tà á, ẹni yẹn ti sọ iye tó fẹ́ gbà, èyí tó bá lé ni tiwọn. Ẹ ní ẹ fẹ́ bá ẹni tó lè sọ "ó tó" sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá ní kò sí nílé, ẹ fi nọ́ńbà yín sílẹ̀.

Nípa iye, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ìdajì. Wọn kì í pe ọkọ̀ ní ìlọ́po méjì bíi ti aṣọ, wọ́n á kàn mọ̀ pé ẹ kò mọ ọjà. Bó bá jẹ́ èmi, lẹ́yìn àyẹ̀wò tán, ₦7,000,000 ni mo máa kọ́kọ́ sọ, màá sì ka àléébù tí mo rí tẹ̀lé e. Tí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ fi ₦200,000 kún un. Lẹ́yìn ìyẹn ₦100,000, lẹ́yìn ìyẹn ₦50,000. Kí ohun tí ẹ ń fi kún un máa kéré sí i ní gbogbo ìgbà, kí wọ́n lè rí i pé ẹ ti ń dé ìdí àpò. Ẹni tó ń fi ₦200,000 kún ₦200,000 kò ní rí ibi dúró. Bí ẹ bá sì ti dárúkọ iye kan, ẹ dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí àwọn ló sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ oníbàárà mi ló máa sọ iye, kí n tó lanu wọ́n ti fi kún un fúnra wọn.

Ẹ yẹra fún oṣù Ọ̀pẹ àti àsìkò tí Iléyá àti Ojúde Ọba bá kù dẹ̀dẹ̀. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú ń bọ̀ wálé lásìkò yẹn, kò sí dílà tó máa dá yín lóhùn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó

Kékeré ni tèmi. Láti ìparí oṣù karùn-ún 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ọkọ̀ sìlíńdà mẹ́fà ni wọ́n máa fẹ́ fi lé yín lọ́wọ́. Wọ́n á ní "ẹ wo Camry yìí, ó tóbi jù ú lọ, owó rẹ̀ sì kéré." Ó rọrùn ná lóòótọ́ torí pé àwọn èèyàn ń sá fún epo tó ń mu. Láti Ṣàgámù sí Ìlíṣàn lójoojúmọ́, Corolla sìlíńdà mẹ́rin ni kí ẹ dì mú.

Tíṣà Ṣàgámù

Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Mo lọ ní Sátidé, èmi àti mẹkáníìkì kan láti Mákùn. Ọwọ́ ni mo kọ́kọ́ gbé lé bónẹ́ẹ̀tì, ó tutù. Ẹ́ńjìnnì tàn lẹ́ẹ̀kan, jíà mú dáadáa, skáánà ò rí nǹkan kan, àyẹ̀wò ara rẹ̀ sì ti parí. Bẹ́líìtì mọ́ dé ìdí.

Ìyá Ìbejì, ẹ wo ipò kẹwàá, 9 ni mo bá níbẹ̀! 2009 ni. Táyà iwájú méjèèjì, 1816. Ẹ́síì ń fẹ́ atẹ́gùn ṣùgbọ́n kò tutù. Orí àwọn bóòtì tó de fẹ́ńdà ọ̀tún ti ní àpá, ọ̀dà rẹ̀ ti ṣí, ti òsì sì wà bó ṣe wà. Mẹkáníìkì ní wọ́n ti tú u rí. Déètì kọ́sítọ́ọ̀mù ti lé ní oṣù méje.

Mo ní ẹ jẹ́ kí n rí ọ̀gá. Nígbà tí mo fi 9 yẹn hàn án, ó ní 2009 àti 2010 kò yàtọ̀ síra. Mo ní bí wọn kò bá yàtọ̀, kí ló dé tí ẹ fi kọ 2010 sí i lára? Kò fèsì. Mo sọ ₦7,000,000, mo sì dákẹ́. Ó ṣòro o! Ó bọ́ sí ₦8,000,000. Títí a fi ṣe é débi pé mo wà ní ₦7,350,000, òun wà ní ₦7,500,000. Ó ní òun ò lè yọ kọ́bọ̀ mọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo lọ sílé. Wọ́n ti pè mí láàárọ̀ yìí pé ṣé mo ṣì fẹ́ ẹ. Kí n fi ₦150,000 yẹn kún un ni?

Dílà Tẹ́lẹ̀

Ẹ ti ṣe dáadáa gan-an ni! Bí wọ́n bá ti fúnra wọn pè yín, wọ́n fẹ́ tà á. Àmọ́ mo rò pé òótọ́ ni ọ̀gá yẹn ń sọ pé owó ò lọ sísàlẹ̀ mọ́, nítorí náà ẹ má fi ọ̀rọ̀ owó yọ ọ́ lẹ́nu. Ohun èlò ni kí ẹ béèrè. Ẹ ní ẹ gba ₦7,500,000, bí wọ́n bá máa fi táyà iwájú méjì tuntun sí i, kí wọ́n sì tún ẹ́síì ṣe títí táá fi tutù. Dílà ní ẹni tó ń bá a ṣe é, iye tó ń ná an kò tó iye tó máa ná yín. Kí wọ́n ṣe é tán kí ẹ tó sanwó. Bí wọ́n bá ní ẹ sanwó ná, àwọn á ṣe é lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ ò ní rí wọn.

Mẹkáníìkì Mọ́lípa

Mo fara mọ́ ọn. Kí ẹ sì ka DOT ara táyà tí wọ́n bá fi sí i, kí wọ́n má lọ gbé táyà àtijọ́ tó ń dán wá. Ti fẹ́ńdà yẹn, bí òpó ìsàlẹ̀ ibi tí ẹ́ńjìnnì jókòó sí bá gún tí kò ní ojú àlẹ̀mọ́ iná, kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Ẹ ní kí mẹkáníìkì yín tan tọ́ọ̀jì síbẹ̀ kó rí i dájú.

Ìyá Ìbejì Òde-Rẹ́mọ

Ó ku ti ìwé. Ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù yẹn, nọ́ńbà ṣáásì tó wà lórí rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti ara ọkọ̀ mu, lẹ́tà sí lẹ́tà. Kí ẹ sì wo ibi tó gbà wọlé. Láti oṣù kìn-ín-ní 2017 ni ìjọba ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀, èyí tó bá gba Ìdìrókò tàbí Sẹ̀mẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà kò bófin mu, kọ́sítọ́ọ̀mù sì lè gbà á lọ́wọ́ yín lójú ọ̀nà márosẹ̀.

Tòkunbọ̀ tí kò tíì gba nọ́ńbà, orúkọ yín ni wọ́n máa kọ́kọ́ fi forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ lọ ṣe é fúnra yín ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ṣe ìwé ọkọ̀, ẹ má jẹ́ kí dílà fi owó ìwé pọ̀ mọ́ owó ọkọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń gba ohun tí ẹ ti yọ padà. Ìnṣọ́ránsì tó kéré jù fún ọkọ̀ aládàáni ti di ₦15,000 láti 2023, ẹ má gba ayédèrú tó dínwó.

Àkáǹtì ilé-iṣẹ́ náà ni kí ẹ fi owó sí, kì í ṣe ti ọmọkùnrin tó kọ́kọ́ dá yín lóhùn. Kí rìsíìtì ní orúkọ yín, iye tí ẹ san ní nọ́ńbà àti ní ọ̀rọ̀, nọ́ńbà ṣáásì, nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì, àti 2009, kì í ṣe 2010. Kọ́kọ́rọ́ méjèèjì ni kí ẹ gbà. Bí wọ́n bá ní ọ̀kan ti sọnù, ẹ béèrè iye tí wọ́n ń ṣe kọ́kọ́rọ́ Corolla kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò níbẹ̀.